Ohun Tí Wọ́n Lọ Ṣe Lórí Òṣùpá

Ìdíátù ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Òun ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n Sarat, inú ilé kan náà ni wọ́n sì jọ gbé ní Sabon Gari, ní Zaria. Ohun tí kò bá ṣojú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, Sarat ló sọ ọ́ fún un. Nígbà tó pẹ́, mo bi àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn kò sì sọ ohun tó yàtọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973. Ọkọ̀ májígí ìjọba, èyí tó ń gbé fíìmù kiri, wá sí pápá tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá, wọ́n sì ta aṣọ funfun ńlá kan sáàárín òpó méjì. Àwọn ọkùnrin jókòó síwájú aṣọ. Àwọn obìnrin jókòó sẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà àdúgbò kò fẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin jókòó pọ̀. Àwòrán máa ń là kọjá sí ẹ̀yìn aṣọ, àfi pé ọ̀tún á di òsì. Àwọn obìnrin ti mọ̀ ọ́n lára. Bí wọ́n bá rí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun nínú fíìmù, wọn á ní ọmọlúàbí ni, ọ̀tún ló fi ń jẹ ẹ́ níwájú.

Yàkúbù ló ń bá ọkọ̀ náà rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, kí ó máa túmọ̀ ohun tí fíìmù ń sọ sí Haúsá, lẹ́yìn náà sí Yorùbá. Kwangila ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà ti kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ga ni Yàkúbù, ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé àwọn ọmọ kékeré máa ń sùn lọ bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀.

Ìrìn àjò àwọn ará Amẹ́ríkà sí òṣùpá ni fíìmù ọjọ́ náà. Wọ́n ti gúnlẹ̀, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ri àsíá wọn mọ́lẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn ọyẹ́ já okùn kan ní ìsàlẹ̀ aṣọ. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́. Yàkúbù sá lọ sẹ́yìn láti so ó.

Ọmọbìnrin kan ti dìde kí ó tó dé ibẹ̀: Sarat ni. Ó di etí aṣọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó nà án le, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ fíìmù là aṣọ kọjá sí i lójú. Ọkùnrin inú àwòrán kan tó wọ ẹ̀wù wíwú ń fò díẹ̀díẹ̀ lórí gèlè rẹ̀, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì bọ́ sínú òkùnkùn lẹ́bàá etí rẹ̀. Yàkúbù gbàgbé okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ni ó wí nígbà tó yá. "Ẹ gbé e fún mi kí n so ó."

"Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná," ni Sarat wí. "Ẹ ti sọ bí wọ́n ṣe lọ, ẹ ti sọ bí wọ́n ṣe dé. Kí ni wọ́n lọ ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n lọ wò ó ni."

"Àwa náà ń wò ó láti ibí, a kò sì wọ mọ́tò."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Yàkúbù náà rẹ́rìn-ín. Ó ti túmọ̀ fíìmù náà ní ọ̀pọ̀ ìlú, kò sì sí ẹni tó bi í ní èyí rí. Ó ní òun máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, òun á sì padà wá sọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Májígí," ni Ìdíátù fèsì láti ibi tó jókòó sí, "bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe máa ń wí."

Ṣùgbọ́n ó padà wá. Ó bèèrè ilé Alfa Rájí, bàbá Sarat, ọmọ Ìlọrin tó ń ta obì, tó sì wà lára àwọn àgbà tí wọ́n máa ń gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá rí oṣù kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Sarat ti ń rán aṣọ ọmọdé. Yàkúbù kí Àṣàkẹ́, ìyá rẹ̀, lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó sì sọ pé ìdáhùn kan ni òun mú wá.

Ó ti lọ bá olùkọ́ kan ní Samaru, níbi tí yunifásítì wà. Olùkọ́ náà sọ fún un pé òjò kì í rọ̀ lórí òṣùpá, atẹ́gùn kì í sì í fẹ́ níbẹ̀, nítorí náà òkúta rẹ̀ ṣì wà bí ó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Ẹni tó bá rí òkúta bẹ́ẹ̀ lè mọ díẹ̀ nínú bí ilẹ̀ wa yìí ṣe bẹ̀rẹ̀.

Sarat dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára. Ó ní òun tilẹ̀ máa ń wo òkè Kùfénà láti ọ̀nà jíjìn, òun a sì máa rò ó pé ta ló kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí òkúta ni ènìyàn ṣe máa gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́. Ẹ lọ bèèrè sí i."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Yàkúbù bá ti rí ìdí kan, á gbé e wá. Ìgbà kan, ó ní Ààrẹ wọn kan ló ṣèlérí níwájú gbogbo ènìyàn pé kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ọmọ ìlú òun á tẹ òṣùpá. Wọ́n pa Ààrẹ náà. Àwọn tó kù wá rí i pé ìlérí òkú kì í ṣe ohun tí à ń jẹ́ kó ṣubú. Àṣàkẹ́ tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní èyí yé òun. Ó ní bí ọkọ òun àkọ́kọ́ ṣe kú fi ilé sílẹ̀ láìkọ́ tán nìyẹn, tí àwọn àbúrò rẹ̀ sì fi orí ara wọn ru amọ̀ títí tó fi parí.

Ìgbà mìíràn, Yàkúbù mú ìdí tó tóbi jù lọ wá. Ó ní àwọn Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ rán nǹkan lọ sí ojú ọ̀run, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ rán ènìyàn. Ojú ti Amẹ́ríkà. Ìlú méjèèjì ń du ayé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ń wo ẹni tí wọn á tẹ̀ lé. Ìyẹn ni ìjọba wọn ṣe kó owó tó pọ̀ sídìí rẹ̀.

"Àwa wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ kó rí i," ni ó wí. "Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbowó fíìmù náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Nítorí kí èmi lè rí wọn?" ni Sarat wí. "Àwa tí wọ́n ní ká jókòó sẹ́yìn aṣọ?"

"Ìwọ gan-an, Àjọkẹ́."

Oríkì rẹ̀ ni. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Sarat tẹ orí ba, ó ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lójú rẹ̀ kedere.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọkùnrin mìíràn wà. Kàmọ́rù ni orúkọ rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò PZ, ó sì ní mọ́tò. Kí Yàkúbù tó dé ni ó ti ń bọ̀ nílé náà nítorí Sarat. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọwọ́ rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbóná. Ṣùgbọ́n bí Yàkúbù bá ti rí mọ́tò náà lẹ́nu ọ̀nà, kì í lè kọjá láìyà wọlé. Bí Kàmọ́rù bá wá lẹ́ẹ̀kan, òun á wá lẹ́ẹ̀méjì. Nígbà tí Kàmọ́rù gbé àtùpà kan wá fún Àṣàkẹ́, Yàkúbù wá èyí tó tóbi jù ú lọ. Ìdíátù ní tí àwọn méjèèjì kò bá sinmi, ilé àwọn á mọ́lẹ̀ ju ilé ọba lọ.

Alfa Rájí kò rẹ́rìn-ín sí i. Ó ránṣẹ́ pe Yàkúbù.

Yàkúbù ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ pé ènìyàn tẹ òṣùpá, kò yẹ kí a gba ẹ̀rí rẹ̀ bí ó bá sọ pé òun rí oṣù ààwẹ̀, ẹni tí a kò bá sì lè gba ẹ̀rí rẹ̀, kí ni à ń fún un ní ọmọ sí? Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti fi gbèjà ara rẹ̀. Ó bá Alfa lórí ẹní, tó ń yẹ obì wò, tó ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ.

"Wọ́n ní ò ń sọ fún ọmọ mi pé ènìyàn dé òṣùpá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Alfa ní òun gbà pé wọ́n dé ibẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kó obì lọ sí Kano ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òun máa ń kọjá níbi tí àwọn Amẹ́ríkà gbé irin ńlá kan sí, tó dojú kọ ọ̀run, wọ́n sì sọ fún òun pé ohùn àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ń gbọ́. Ẹni tó bá kọ́ irú etí bẹ́ẹ̀ kò ní í jókòó sílé. Ó ní ẹsẹ̀ ènìyàn kò sì ba àkókò tí Ọlọ́run fi òṣùpá sọ jẹ́, ààwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí yóò bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyẹn," ni Alfa wí. "Sarat sọ ìdí tí wọ́n fi lọ fún mi. Ó ní torí àwọn Rọ́ṣíà ni."

"Ìyẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Bàbá."

"Bí kò bá sí Rọ́ṣíà ńkọ́?"

Yàkúbù rò ó. Òótọ́ ni ó fẹ́ sọ. "Bóyá wọn kì bá tí lọ."

"Bí kò bá sí Kàmọ́rù ńkọ́?"

Yàkúbù gbé ojú sókè. "Wallahi, Bàbá, èmi..."

Alfa na ọwọ́ sókè. "Má búra. Mi ò pè ọ́ wá búra. Máa lọ, màá máa wò ọ́."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, Sarat fúnra rẹ̀ pe Kàmọ́rù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, ọkàn òun kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Kàmọ́rù kò pariwo. Ó kí Alfa, ó kí Àṣàkẹ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé ó ti gbé ìyàwó ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ní àdúgbò sọ pé Sarat ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta orí ire nù. Ó gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ Yàkúbù bẹ̀rẹ̀ sí í dín nílé náà.

Kì í ṣe pé ìfẹ́ tán lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á sọ pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ bí kò ṣe Sarat. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa bá ọkọ̀ lọ sí Funtua, òun ni. Bí wọ́n bá ní ta ló fẹ́ lọ sí Ìkárá, òun ni. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Sarat wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ó sì máa ń sun oorun dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó tún yọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, pẹ̀lú ẹyin awó tó rà ní Ìkárá àti ẹ̀rín lẹ́nu. Sarat gba ẹyin, ó dúpẹ́, ó sì gbé omi fún un. Lẹ́yìn náà ó bi í ní ohun kan tí kò tí ì bi í rí. Ó ní kí ló dé tí wọn kò lọ sí òṣùpá mọ́?

Inú Yàkúbù dùn, nítorí ó mọ èyí dáadáa. Ó ní wọ́n ti pinnu ìrìn àjò mélòó kan sí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba wọn fagi lé wọn. Ó ní ogun wà tí wọ́n ń náwó lé lórí, àwọn aráàlú sì ń kùn pé ebi ń pa àwọn nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa lọ sókè. Ó ní ìyẹn nìkan kọ́, wọ́n ti ṣáájú Rọ́ṣíà. Gbogbo ayé ti rí i. Ẹni tí wọ́n ń bá du ú ti jáwọ́, kò sì sí ẹni tó tún wù wọ́n láti fi hàn pé...

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Sarat kò sunkún. Ó ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè, tí kò tí ì dá a mọ̀.

"Mo lé Kàmọ́rù nítorí rẹ," ni ó wí. "Mo rò pé èmi lò ń bọ̀ wá rí. Àṣé ìwọ náà ti débẹ̀, o ti padà sílé."

Yàkúbù lè sọ pé iṣẹ́ ló gbé òun lọ. Ìdíátù, tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ń retí kí ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń wá èébú tó máa fi fèsì.

"Òótọ́ ni," ni Yàkúbù wí. "N kò mọ̀ títí di ìsinsìnyí. Òótọ́ ni."

"Nígbà náà, máa lọ."

Ó lọ. Ní oṣù náà gan-an, ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí Kaduna. Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó kó lọ, lẹ́yìn ìrun, Yàkúbù wọlé. Ó ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì wọ lọ́rì láti Kaduna. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alfa Rájí, ó sì bèèrè bóyá òun lè ràn án lọ́wọ́ níbi obì. Alfa wò ó, ó sún apẹ̀rẹ̀ kan sí i. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń tú obì sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, bí a ṣe ń fi ọwọ́ mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kí ojú tó rí i, àti bí a ṣe ń fi ewé tútù wé èyí tó dára padà. Iṣẹ́ tí kò ní òpin ni. Obì tí o wé lónìí, o gbọ́dọ̀ tú u wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Sarat kò jáde sí i. Yàkúbù tún wá ní Jímọ̀ kejì, Sarat kò jáde. Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Kaduna di ẹrẹ̀, lọ́rì rì lọ́nà, Yàkúbù sì dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Àwọn ọkùnrin tó ń kọjá máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n á ní, "Alfa, ẹ ti rí ọmọ iṣẹ́," wọ́n á sì bi Yàkúbù bóyá ó fẹ́ fi obì san owó orí ìyàwó. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kò rán Ìdíátù níṣẹ́ kankan sí Sarat. Kò bèèrè rẹ̀. Á ṣiṣẹ́ títí di ìrun àsárì, á kí gbogbo ilé, á sì padà.

Ìdíátù ló kọ́kọ́ rọ̀. Ó sọ fún Sarat pé ẹni tó ń fi ara rẹ̀ jìn fún kòkòrò obì báyìí, bí kò bá jẹ́ wèrè, a jẹ́ pé ó fẹ́ràn ènìyàn. Sarat ní kí ó jẹ́ kí òun sinmi. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé lọ́jọ́ Jímọ̀.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ààwẹ̀ sì ti sún mọ́lé, kí Sarat tó jáde sí i. Bàbá rẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Sarat jókòó sí etí ẹní, ó mú ewé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé obì.

"Ta lò ń bá du ú báyìí?" ni ó bi í.

"Kò sí."

"Kí lò ń wá ṣe?"

Yàkúbù ní ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ń wá kí Sarat lè dárí jì òun. Nígbà tó yá, òun rò pé kò ní í dárí jì òun mọ́, òun sì pinnu láti má wá mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tún dé, ẹsẹ̀ òun sì gbé òun lọ sí gáréèjì.

"Mo kàn fẹ́ wà níbi tí o wà, Àjọkẹ́. Bí o kò bá tilẹ̀ jáde sí mi."

Sarat wé obì náà tán, ó tún mú òmíràn. Ó bi í nípa àsíá tó rí nínú fíìmù. Ó ní ṣé òṣùpá ti di ti Amẹ́ríkà ni?

"Rárá. Kí wọ́n tó lọ, àwọn ìlú ńláńlá ti jọ fọwọ́ sí ìwé kan. Ẹnikẹ́ni lè lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ló ni ín. Ẹni tó dé ibẹ̀ kò ní in ju ẹni tó jókòó sílé lọ."

Sarat fi obì tó wé sínú apẹ̀rẹ̀.

"Bí o bá lè wá sọ́dọ̀ mi bẹ́ẹ̀," ni ó wí, "máa bọ̀."

"Màá wá bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ nìkan o, Ọ̀gbẹ́ni Májígí."

Alfa Rájí ti parí àlùwàlá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi lójú àti lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ díẹ̀. Ó tẹ́ ẹní ìkírun, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi àyè sílẹ̀ fún Yàkúbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n so yìgì wọn nínú mọ́ṣáláṣí náà. Ẹnì kan nínú àwọn tó ti sọ̀rọ̀ òṣùpá tẹ́lẹ̀ dìde, ó bèèrè lọ́wọ́ Alfa bóyá ó ti wádìí ọkọ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Alfa ní òun ti wádìí rẹ̀, inú òjò ni òun sì ti wádìí rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín obì.

Ní ọjọ́ tí Sarat ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kaduna, àwọn obìnrin sìn ín dé ibùdó rélùwéè. Àṣàkẹ́ ń sunkún, Ìdíátù ń sọ pé òun kò sunkún, ekuru ló wọ òun lójú. Nínú ilé wọn, bàbá kì í sin ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde, inú yàrá ni ó máa ń wà títí wọn á fi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n rí Alfa Rájí tó ń bọ̀ ní ẹsẹ̀, ó wọ gbáríyẹ̀ funfun rẹ̀.

Sarat kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ kọnkéré. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó yíjú sí Yàkúbù.

"Mo ní màá máa wò ọ́," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo ti dẹ́kun."

Ọkọ̀ kò tí ì fọn fèrè. Àwọn ènìyàn ṣì ń wọlé, wọ́n ń ti àpótí, wọ́n ń pe ara wọn ní Haúsá àti Yorùbá. Sarat wọlé jókòó, ó rò pé bàbá òun á dúró títí ọkọ̀ á fi lọ, ó sì ti na ọwọ́ gba fèrèsé. Ṣùgbọ́n Alfa Rájí ti yí padà. Ó gba àárín àwọn tó ń ta ẹ̀pà kọjá, ó gòkè ọ̀nà tó lọ sí Sabon Gari ní ìrọ̀rùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn. Sarat pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ọwọ́ kan sókè láti fi hàn pé òun gbọ́, ó sì ń lọ, kò wẹ̀yìn.